Ẹlẹ́yinjú àti Ìyá Káfíńtà

Ariwo òòlù kọ́ ló bí mi nínú lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, orin ni. Mo ti ní kí káfíńtà kan wá kan pẹpẹ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣe irun, kí n lè rí ibi to àwọn ìgò ọṣẹ àti ìpara mi sí. Ó dé ní kùtùkùtù, ó kó ìṣó sẹ́nu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kọrin. Orin kan ṣoṣo ni. Bó bá ti parí rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Oníbàárà kún ọwọ́ mi. Ọ̀kan wà lórí àga, ọ̀kan wà lábẹ́ dírayà, àwọn mìíràn sì ń dúró. Mo mú un mọ́ra títí, sùúrù mi tán.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá Káfíńtà," ni mo wí, "yálà kí ẹ kọ orin yìí síta ká gbọ́ ohun tó ń sọ, tàbí kí ẹ bá wa dákẹ́. Èyí tí ẹ ń fi imú kọ yìí ti fẹ́ fún mi ní ẹ̀fọ́rí."

Ó yọ ìṣó lẹ́nu. Kò bínú rárá. Àfi bí ẹni pé ó ti ń retí kí ẹnì kan bẹ òun láti àárọ̀.

*Bí o bá ń bọ̀, má ṣe yára,*
*jẹ́ kí n rí ọ láti òkèèrè;*
*ojú mi ti gbààwẹ̀ tipẹ́,*
*jẹ́ kó jẹun díẹ̀díẹ̀.*

Ẹni tó wà lábẹ́ dírayà yọ orí jáde kó lè gbọ́. Kí n má parọ́, ohùn ọkùnrin náà kò dùn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ bí ohun tó fẹ́ràn.

"Ta ló ni ín?" ni mo bi í.

"Ẹ ò mọ Ẹlẹ́yinjú?"

Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Ó sọ òòlù kalẹ̀. Ó ní òṣèré ayé àtijọ́ ni, láti ìgbà tí fíìmù ṣì jẹ́ dúdú àti funfun, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń kọ orin inú fíìmù rẹ̀. Ó ní ojú rẹ̀ ló mú káwọn èèyàn máa pè é ní Ẹlẹ́yinjú. Bàbá òun tó ti di olóògbé ló ń darí ẹ̀rọ nílé sinimá nígbà ayé rẹ̀, ó sì fi àwọn orin náà kọ́ òun láti kékeré.

"Ẹ ò tíì gbádùn ayé nìyẹn," ló wí. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àánú mi ló ń ṣe é, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù.

Ó kan pẹpẹ tán, ó gba owó, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì ó tún yọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo ní kí n wá wò ó bóyá pẹpẹ ṣì dúró."

"Ibo ló fẹ́ lọ?" ni mo fi dá a lóhùn.

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì na àwo fíìmù kan sí mi. Pépà tí wọ́n fi ń dán pákó ló fi wé e. Ó ní kí n wò ó, kí n wá sọ tinú mi.

Mo wò ó lóòótọ́, ṣùgbọ́n àbùkù ni mo jókòó láti wá. Mo ti to ohun tí màá sọ sẹ́nu sílẹ̀. Nínú fíìmù náà, obìnrin kan ń fọ abọ́, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń kọrin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Nígbà tó yíjú padà, mo gbàgbé ohun tí mo ń wá. Kì í ṣe pé ó rẹwà ju gbogbo ayé lọ. Bó ṣe ń kọrin ni. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti dùn jù, á gbé ojú kúrò lára ọkùnrin tó ń kọ ọ́ fún, bí ẹni tí ojú ń tì pé òun ti sọ púpọ̀. Mo dá a padà, mo tún un wò. Mo tún dá a padà.

Nígbà tí Káfíńtà wá gba àwo rẹ̀, mo ní kò burú. Ó wo ojú mi, ó sì fún mi ní òmíràn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ràn Ẹlẹ́yinjú kí n tó fẹ́ràn Káfíńtà, òun náà sì mọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, màá lọ sí yàrá rẹ̀ tó ń rùn fún pákó àti pólíìṣì, a ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kàn fún wa, a ó sì máa wò ó. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ ju ẹni tó kọ́ mi lọ. Mo mọ fíìmù tí wọ́n ti gé irun rẹ̀. Mo mọ orin tó kọ nígbà tí ọ̀fìnkìn ń bá a jà, nítorí ohùn rẹ̀ wúwo níbẹ̀. Káfíńtà ní irọ́ ni mo ń pa, mo ní kó tún un gbọ́. Ó tún un gbọ́, ó sì gbà fún mi.

"Èmi ni mo mú un wá fún ọ o," ló máa ń wí. "Wò ó bó o ṣe gbà á lọ́wọ́ mi."

Ìfẹ́ rẹ̀ ran àwọn oníbàárà mi náà. Mo ń fi àwọn àwo náà hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù, èèyàn á ṣe irun tán, á sanwó tán, kò ní dìde.

Lọ́jọ́ kan, a wà lórí bẹ́ǹṣì, fíìmù ti parí, Káfíńtà kò sì pa ẹ̀rọ náà. Ó ń fi èékánná họ apá bẹ́ǹṣì.

"Olólùfẹ́ mi," ló wí, "ó wù mí ká jọ máa wò ó títí a ó fi darúgbó."

"Ká máa wo kí ni?"

"Ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀."

Mo kọ́kọ́ yọ àwo náà kúrò nínú ẹ̀rọ kó má baà rò pé mo ti ń dúró dè é. Lẹ́yìn náà ni mo ní mo gbà. Ayọ̀ tó wà lọ́kàn mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè fẹnu sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Nígbà tó gbọ́, ó fò mọ́ mi. Kò tíì tú ọwọ́ tó fi di mí mú tó ti ń kìlọ̀ fún mi.

"Ṣé ìyá rẹ̀ ti rí ọ?"

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni."

"Ṣe jẹ́jẹ́ o. Má sọ̀rọ̀ jù. Mo mọ ẹnu rẹ."

Mo ṣe jẹ́jẹ́. Ohun tí mo ṣe burú ju ọ̀rọ̀ sísọ lọ. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, pé ìyá Káfíńtà jẹ́ ìyàwó ẹni tó ń darí ẹ̀rọ nílé sinimá. Ọmọ fẹ́ràn Ẹlẹ́yinjú, bàbá fẹ́ràn Ẹlẹ́yinjú, kí ló kù? Ìdílé olólùfẹ́ Ẹlẹ́yinjú ni gbogbo wọn lójú mi. Nítorí náà, lọ́jọ́ Sátidé, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo kó rólà sórí, mo ṣe irun mi gẹ́gẹ́ bí ti Ẹlẹ́yinjú gan-an: mo là á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ká a sókè etí, mo sì fi kókó kékeré kan sílẹ̀ níwájú orí. Onídìrí nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe yẹn, nítorí mo ṣe é dáadáa.

Nígbà tí Káfíńtà rí mi, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. "Òun gan-an rèé," ló wí. Òmùgọ̀ ni àwa méjèèjì.

Ìyá rẹ̀ ti ṣe agbẹ̀bí títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ilé wọn mọ́ tónítóní, wọ́n sì tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì. Wọ́n fi ẹ̀rín ṣílẹ̀kùn. Ojú wọn gun orí mi, ẹ̀rín náà sì kúrò. Wọn ò bú mi o. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n bu oúnjẹ fún mi, wọ́n tún bu ẹran kún un. Ṣùgbọ́n wọn ò bi mí ní nǹkan kan, wọn ò bi mí ní orúkọ bàbá mi pàápàá. Nígbà tí a jẹun tán, mo kó abọ́ lọ sí ilé ìdáná kí n lè fọ̀ wọ́n. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin Ẹlẹ́yinjú.

Mo yíjú padà, mo bá Màmá lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìwọ náà?" ni wọ́n wí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n padà sí pálọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Káfíńtà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kò lè gbójú sókè.

"Wọ́n ní rárá."

"Kí ni mo ṣe?"

"Wọ́n ní obìnrin yẹn bá àwọn gbé nínú ilé títí bàbá mi fi kú, àwọn ò sì ní gbà kó tún gba ẹnu ọ̀nà wọlé wá di ìyàwó ọmọ àwọn. Ẹlẹ́yinjú ni wọ́n ní lọ́kàn."

"Ṣé bàbá rẹ mọ̀ ọ́n ni?"

"Wọn ò rí i rí, àfi lára aṣọ sinimá. Ṣùgbọ́n orin rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu wọn." Ó nu ojú. "Mi ò mọ̀ pé ó ń dun Màmá. Wọn ò sọ ọ́ rí. Mo rò pé ariwo ni wọn ò fẹ́."

Mo tú irun náà lójú ẹsẹ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ bẹ̀ wọ́n, a kúnlẹ̀, wọ́n ní ká dìde. Wọ́n ní inú àwọn ò bí sí mi, ọmọ dáadáa ni mí, ṣùgbọ́n kí n lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Wọ́n fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́.

Káfíńtà kò ní fẹ́ mi láìsí ìyọ̀ǹda wọn, ó sọ ọ́ fún mi tẹkúntẹkún. Òun nìkan ni wọ́n bí. Mi ò dá a lẹ́bi. Èmi tí mi ò ní ìyá mọ́, mi ò fẹ́ ìyá ọkọ tí yóò máa gbé ojú kúrò lára mi nígbàkúgbà tí mo bá wọlé. A ní ká sinmi fúngbà díẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ burúkú ni "sinmi", kò sẹ́ni tó ń sùn nínú rẹ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà, ó sì ń dùn mí dé egungun.

Mo kó àwọn àwo náà sábẹ́ àga. Àwọn oníbàárà ní kí ni mo fi wọ́n ṣe. Tíṣà kan tó máa ń wá na irun lọ́dọ̀ mi ló yọ wọ́n níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sì fi ọ̀kan sínú ẹ̀rọ. Mi ò ní agbára láti bá a jà.

Mo ti fi rílásà, ìpara tó ń mú irun nà, sí ìlàjì orí tíṣà náà nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá Káfíńtà ló wọlé, báàgì lọ́wọ́, ojú le.

"Ẹ káàsán, Mà," ni mo wí.

"Mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀."

"Mà, ẹ má bínú. Ìpara yìí á jó wọn lórí bí mo bá fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀, kí n fọ̀ ọ́ kúrò."

Wọ́n wo orí tíṣà. Ẹni tó ti gbẹ̀bí mọ iṣẹ́ tí a kì í fi sílẹ̀ ní ìlàjì. "Parí ẹ̀," ni wọ́n wí, wọ́n sì jókòó.

Ìgbà yẹn ni mo rántí tẹlifíṣọ̀n. Ẹlẹ́yinjú wà níbẹ̀, ó ń rìn nínú ọkọ̀ ojúurin. Ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ mi, ìpara sì kún un. Mo fi ojú bẹ ẹni tó wà nítòsí pé kó pa á.

"Ẹ fi sílẹ̀," ni Màmá wí. "Kò kàn mí." Wọ́n sì yí àga wọn padà, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i.

Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù onídìrí ni. Dígí ló wà ní ògiri yíká. Níbi tí wọ́n kọjú sí, Ẹlẹ́yinjú wà níbẹ̀. Wọ́n wo ọ̀tún, ó wà níbẹ̀. Wọ́n wo òsì, ó ń wọ̀lú bọ̀ wá bá wọn nínú ọkọ̀ ojúurin náà. Wọ́n fi ojú sílẹ̀ wo báàgì orí ẹsẹ̀ wọn, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè wo báàgì títí.

Nínú fíìmù yẹn, obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí nínú ọkọ̀, Ẹlẹ́yinjú tó jẹ́ agbẹ̀bí sì ká apá aṣọ rẹ̀ sókè láti gbẹ̀bí fún un.

"Kò fọwọ́," ni Màmá wí.

A ò mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

"Mà?"

"Obìnrin yẹn. Kò fọwọ́ rẹ̀. Níbo ni omi gbígbóná wà?"

"Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e wá, Mà," ni tíṣà wí láti abẹ́ ọwọ́ mi.

Wọ́n gbé omi wá lóòótọ́. Màmá mí kanlẹ̀. Nígbà tí ọmọ dé, wọ́n ní, "A kì í gbé ọmọ báyìí, orí rẹ̀ ńkọ́?" Ẹlẹ́yinjú sì gbá orí ọmọ mú. Màmá ní, "Ẹn-ẹ́n." Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n dìde, wọ́n yí àga wọn padà sí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní ohun inú dígí ń mú kí òòyì kọ́ àwọn.

Mo fọ irun tíṣà. Níbi tí ọ̀gá ọkọ̀ ojúurin ti ṣubú sínú àpò ìyẹ̀fun, Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín wọn rí.

"Màmá, ó jọ yín," ni oníbàárà kan wí.

"Má purọ́ fún mi, jàre. Kò jọ mí níbì kankan." Wọn ò gbé ojú kúrò níbẹ̀. "Ọkọ mi máa ń wọlé, màá gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ kí n tó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo bi í léèrè pé kí ló wà lára obìnrin náà gan-an. Mo ní kó mú mi lọ kí n rí i. Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu. Ó ní kò lè yé mi."

Mo jókòó sórí àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ilẹ̀kùn tún ṣí, Káfíńtà wọlé pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú pákó lára aṣọ. Ẹnì kan ti sọ fún un pé ìyá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi, ó sì sáré bọ̀ kó tó di ìjà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sílé, ẹ jẹ́ ká..."

"Jókòó. Kò tíì parí."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà. Ọkọ̀ ojúurin dé ibùdó, Ẹlẹ́yinjú sọ̀kalẹ̀, ọkùnrin tó ń retí rẹ̀ ń sáré bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin. Kò wo ọkùnrin náà nígbà tó dé ibi tó dùn jù. Ilẹ̀ ló wò.

Omijé ń ṣàn lójú Màmá, wọn ò nù ún.

"Ó yé mi," ni wọ́n wí. "Kí ló dé tó ní kò lè yé mi? Gbogbo rẹ̀ ló yé mi. À bá jọ máa wò ó ni. Èmi náà ì bá fẹ́ràn rẹ̀."

Mo na aṣọ ìnura sí wọn. Káfíńtà kò mọ ibi tó máa fi ojú sí. Nígbà tí wọ́n nujú tán, wọ́n yíjú sí mi.

"Mo wá sọ fún ọ pé kí o jìnnà sí ọmọ mi."

"Mo mọ̀, Mà."

"Mi ò sọ ọ́ mọ́." Wọ́n wo ọmọ wọn. "Ìwọ, ṣé o máa ń sọ fún ìyàwó rẹ pé nǹkan ò lè yé e?"

"Rárá, Mà," ló wí. "Òun ló máa ń sọ fún mi."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohunkóhun tó o bá fẹ́ràn, mú un wálé wá fi hàn án. Mi ò fẹ́ kí ọmọbìnrin yìí máa gbọ́ ayọ̀ rẹ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn." Wọ́n gbé báàgì wọn. Wọ́n tún gbé e kalẹ̀. "Ṣé ó ṣe fíìmù mìíràn?"

Tíṣà, tí irun rẹ̀ ń kán omi sílẹ̀, ti dìde lọ fi àwo mìíràn sínú ẹ̀rọ.

A ṣe ìgbéyàwó wa kí ọdún náà tó parí. Ẹ̀gbọ́n mi jó títí bàtà rẹ̀ fi já. Láti ìgbà náà, Màmá máa ń wá lọ́jọ́ Àìkú, wọn kì í sì í jẹ́ ká gbọ́ fíìmù ní àlàáfíà: ọmọ tí wọn ò gbé dáadáa, ìyàwó tí kò mọ aṣọ sá, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń bá wí. Mo ti gbà pé wọ́n ti mọ Ẹlẹ́yinjú jù mí lọ báyìí, ó sì ń dùn mí díẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ kan jáde nínú fíìmù, èmi àti Káfíńtà bú sẹ́rìn-ín. Màmá kò tíì rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń fetí sí yàrá kejì.

"Bàbá yín ì bá ti rẹ́rìn-ín níbí yìí," ni wọ́n wí.

Wọ́n dúró títí ẹ̀rín Bàbá ì bá fi tán. Lẹ́yìn náà wọ́n ní ká sún fún àwọn díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ká sì dákẹ́, orin ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.